Ohun tí àgbẹ̀ ń wá nínú ẹgbẹ́ tí yóò bá a tajà

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó àwọn àgbẹ̀ jọ láti dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí yóò máa bá wọn ta irè oko wọn sílẹ̀, ẹ wá béèrè pé kí ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń fẹ́ gan-an. Mo ti wà nínú ọ̀kan tó túká, mo sì wà nínú òmíràn tó ṣì dúró. Mo ti ṣe ọmọ ẹgbẹ́ lásán, mo ti jókòó nínú ìgbìmọ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá bi àwọn èèyàn níbi ìpàdé, ohun tí gbogbo wọn máa dárúkọ ni pé kí ọjà àwọn wọ́n. Ẹ má fi gbogbo ara gbà wọ́n gbọ́.

Kí owó tètè dọ́wọ́ ni wọ́n ń fẹ́ jù. Alárọ́bọ̀ á wá bá àgbẹ̀ lẹ́nu oko, á ka owó lé e lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹgbẹ́ á ní kó ṣe sùúrù dìgbà tí ọjà bá tà. Gbèsè ajílẹ̀ ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ oko ń retí owó wọn. Yóò tà fún alárọ́bọ̀, bí iye rẹ̀ tilẹ̀ kéré sí tẹgbẹ́, kò sì ya òmùgọ̀. Ẹgbẹ́ wa tó túká ń sanwó ju alárọ́bọ̀ lọ, ṣùgbọ́n owó kì í dé bọ̀rọ̀, nígbà tó yá, ṣẹ́kù ọjà nìkan ni à ń kó wá fún un. Èyí tó ṣì dúró ń san apá kan lọ́jọ́ tí a bá kó ẹrù dé, á san ìyókù nígbà tí ọjà bá tà tán. Nítorí náà, kí ẹ tó wá ọ́fíìsì, kí ẹ tó yan alága, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí owó ìsan àkọ́kọ́ yẹn yóò ti wá: owó ìdókòwò ni, àbí owó yíyá, àbí méjèèjì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìyókúrò. Inú kì í bí àgbẹ̀ nítorí pé ẹ yọ owó ọkọ̀, owó ilé ìkẹ́rùsí, owó oṣù mánéjà àti owó ìpamọ́. Ohun tó ń bí i nínú ni pé ẹ yọ ọ́ láì sọ fún un. Ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì kálukú lọ́kọ̀ọ̀kan. Òṣùwọ̀n náà, ẹ gbé e síbi tí ẹni tó ni ẹrù yóò ti rí i. Ẹni tó bá sì kó ojúlówó wá kò fẹ́ kí ẹ da tirẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ẹni tó kó yẹpẹrẹ wá. Ní Íńdíà, ẹgbẹ́ àwọn oníwàrà ní àgbègbè Kaira, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1946, tí ayé mọ̀ sí Amul lónìí, bí ọ̀rá inú wàrà ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sanwó. Ariyànjiyàn mélòó ló kù nígbà náà?

Ẹ máa gbọ́ ariwo lórí ìbò. Ẹni tó ń kó ìdajì ẹrù wá á ní kí ìbò òun ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìlú Hjedding ní Denmark dáhùn ìyẹn lọ́dún 1882 nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ oníwàrà sílẹ̀: ìbò kan fún ẹnì kan, iye màlúù yòówù kó ní, àmọ́ bí wàrà kálukú bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń pín èrè. Mo fara mọ́ ọn. Nípa mánéjà, ẹ wá ẹni tó mọ ọjà, tí ẹ sì lè lé lọ bó bá yẹ. (Alága tó tún fẹ́ máa tajà fúnra rẹ̀, ẹ sá fún un.)

Ibi tó le jù rèé. Kálukú ń fẹ́ kí òfin de ẹlòmíràn pé kó má ta síta, kí òun sì ráyè tà síbi tó bá wu òun. Àwọn ará Hjedding fi àdéhùn de ara wọn pé gbogbo wàrà ni wọn yóò kó wá, àyàfi èyí tí wọ́n bá lò nílé. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ de èèyàn gbọ́dọ̀ de ara rẹ̀. Nínú èyí tó túká yẹn, nígbà tí irè pọ̀ lọ́jà, wọ́n ní ilé ìkẹ́rùsí ti kún, kí kálukú máa gbé tirẹ̀ lọ. Nígbà tó di ọ̀wọ́n, wọ́n ní òfin kò gbà ká tà fún ẹlòmíràn. Ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé gbogbo ojúlówó tí ọmọ ẹgbẹ́ bá kó dé ni ẹ óò gbà, ìbáà pọ̀, ìbáà wọ́n. Ìgbà yẹn ni ẹnu yín tó lè gbà láti bá ẹni tó tà síta wí.

Ohun kan ṣì wà tí wọn kì í béèrè títí ọ̀rọ̀ á fi bà jẹ́: bí èèyàn ṣe ń gba owó ìdókòwò rẹ̀ padà bó bá fẹ́ kúrò, tàbí bó bá kú. Bí gbogbo èèyàn bá gbà á lẹ́ẹ̀kan náà, ẹgbẹ́ parun nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni tiwa ń san án, ẹni tó bá kọ́kọ́ kúrò ni yóò kọ́kọ́ gbà. Ẹ fi sínú òfin kí ẹnikẹ́ni tó dáwó.