Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Owó Bàbá Ìlọrin àti Físà Ìlú Ọba

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, mo sì kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Yunifásítì Ìlọrin ní ọdún 2023. Yunifásítì kan ní Ìlú Ọba ti gbà mí wọlé láti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè másítà nínú ìmọ̀ ìlera àwùjọ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá tó bí mi, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ta irin àti sìmẹ́ǹtì ní òpópónà Tàíwò, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìlọrin, ló tọ́ mi láti kíláàsì kẹrin ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì fẹ́ gbé gbogbo ìnáwó yìí. Ẹ́jẹ́ǹtì kan ní Tankẹ̀ sọ fún mi pé owó ẹ̀gbọ́n bàbá kò wúlò fún físà, ṣùgbọ́n kí n má dààmú, pé òun yóò bá mi gba ìwé ẹ̀rí ìbí tuntun tí orúkọ Bàbá Ìlọrin yóò wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí bàbá mi. Ṣé òótọ́ ni ohun tó sọ? Kí ni kí n ṣe? — Ọmọ Olómù, Òmù-Àrán.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, mo bá ọ yọ̀ fún ìgbàwọlé rẹ. Òótọ́ àti irọ́ ló lú pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ẹ́jẹ́ǹtì náà, ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà, nítorí pé apá tó jẹ́ òótọ́ ló ń mú kí ènìyàn gba apá tó jẹ́ irọ́ gbọ́.

Òótọ́ ni pé òfin físà akẹ́kọ̀ọ́ ti Ìlú Ọba kò ka owó tó wà nínú àkáǹtì ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí àbúrò ìyá sí owó akẹ́kọ̀ọ́. Yàtọ̀ sí owó ìrànwọ́ tí ìjọba tàbí ilé-ẹ̀kọ́ bá fún ènìyàn, àti ẹ̀yáwó ẹ̀kọ́ tí ó ní ìwé nídìí, àkáǹtì tìrẹ fúnra rẹ, ti òbí tó bí ọ, tàbí ti alágbàtọ́ tí òfin mọ̀, ni wọn yóò wò ní ti ìwọ. Bí ó bá jẹ́ ti òbí, wọn yóò béèrè ìwé ẹ̀rí ìbí tí orúkọ òbí náà wà lórí rẹ̀, àti lẹ́tà tí òbí fi jẹ́rìí pé ọmọ òun ni ọ́ àti pé òun fọwọ́ sí i kí o ná owó náà. Nínú ilé wa, bàbá ni ẹ̀gbọ́n bàbá. Ọmọ tó bá dúró níwájú Bàbá Ìlọrin tó pè é ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi, a ó ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé físà wò kò mọ ilé wa, ohun tó wà lórí ìwé ẹ̀rí ìbí ni òun mọ̀.

Irọ́ ibẹ̀ ni pé ìwé ẹ̀rí ìbí tuntun ni ojútùú. Ìwé èké ni ìwé náà yóò jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ́fíìsì gidi ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá rí i pé o fi ìwé èké tọrọ físà, wọn yóò kọ̀ ọ́, wọ́n sì lè ti ilẹ̀kùn Ìlú Ọba mọ́ ọ fún ọdún 10. Ìwọ ni wọn yóò sì fi ìyà náà jẹ, kì í ṣe ẹ́jẹ́ǹtì tó wà ní Tankẹ̀, nítorí pé orúkọ rẹ ló wà lórí ìwé. Ohun kan tún wà tó ń dùn mí ju ti ìfìyàjẹni yẹn lọ. Bàbá tó bí ọ wà láàyè, ó fi owó oṣù tíṣà sìn ọ́ dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ẹnìkan sì jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà tó ń wá bí òun yóò ṣe yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ìbí ọmọ rẹ̀. Jọ̀wọ́, má ṣe gbà fún un. Bí o bá ti fún un ní owó ìbẹ̀rẹ̀, jẹ́ kí owó náà lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan a máa sáré lọ búra ní kóòtù pé ẹ̀gbọ́n bàbá ni alágbàtọ́ àwọn. Ìwé ìbúra yàtọ̀ sí àṣẹ kóòtù. Ohun tí o fẹnu ara rẹ sọ ni ìwé ìbúra, àṣẹ tí kóòtù pa láti fi ẹnìkan ṣe alágbàtọ́ ni wọ́n sì ń béèrè. Fún àgbàlagbà tó ti gboyè yunifásítì, má ṣe forí ara rẹ gun ọ̀nà yẹn.

Ọ̀nà tó tọ́ kò le rárá, ó kàn gba àkókò ni. Lákọ̀ọ́kọ́, Bàbá Ìlọrin lè san lára owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ tààrà fún yunifásítì náà. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ CAS fún ọ, ìyẹn nọ́ńbà ìjẹ́rìísí tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ń sọ fún ìjọba wọn pé àwọn gba akẹ́kọ̀ọ́ yìí, wọn yóò kọ iye tí o ti san síbẹ̀, iye náà yóò sì kúrò nínú ohun tí o gbọ́dọ̀ fi hàn. Rí i pé wọ́n kọ ọ́ kí o tó lo CAS náà. Lẹ́ẹ̀kejì, kí ó fi owó tó kù ta ọ́ lọ́rẹ, kí ó fi ránṣẹ́ láti àkáǹtì tirẹ̀ sínú àkáǹtì tí ó jẹ́ orúkọ rẹ nìkan, kí ó sì kọ lẹ́tà kúkúrú pé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ni òun, pé ẹ̀bùn ni owó náà, òun kò sì ní gbà á padà. Tọ́jú lẹ́tà náà pẹ̀lú ìwé àkáǹtì tirẹ̀, tí ó fi hàn pé inú òwò sìmẹ́ǹtì ni owó náà ti wá, nítorí pé wọ́n lè béèrè ibi tí owó ńlá ti já bọ́ sínú àkáǹtì ọmọ tí kò tíì ṣiṣẹ́ pẹ́. Ẹ̀bùn tó jẹ́ òótọ́ ni mò ń sọ o. Àwọn tó ń yá ènìyàn lówó kí ó fi hàn, tí wọ́n sì ń kó o padà lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀tàn ni wọ́n ń tà, àti pé ebi ni yóò pa ọmọ náà nígbà tó bá débẹ̀.

Iye tí yóò wà nínú àkáǹtì ni owó ilé-ẹ̀kọ́ ọdún kìn-ín-ní tí o kò tíì san, àti owó oúnjẹ òun ilé fún oṣù 9. Láti ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ti sọ owó oúnjẹ òun ilé náà di 1,529 pọ́n-ùn lóṣù fún ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, àti 1,171 pọ́n-ùn fún ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù 9 ti ẹ̀yìn Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ 10,539 pọ́n-ùn. Ká ní owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ jẹ́ 16,000, tí Bàbá Ìlọrin sì ti san 9,000 níbẹ̀, 7,000 tó kù àti 10,539 yìí, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 17,539 pọ́n-ùn, ni wọn yóò máa wá.

Owó náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 28 tó tẹ̀léra, láìsí ọjọ́ kan tí yóò dín sí iye yẹn, ọjọ́ tí ìwé àkáǹtì náà sì parí sí kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ ṣáájú ọjọ́ tí o sanwó físà. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Èrìn-Ilé gbé ìwé àkáǹtì rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ̀ ọ́. A tẹ́ ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì, mo sì ń fi rúlà tẹ̀lé ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Owó tó fi lé sí iye tí wọ́n béèrè kò tó ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ìlà kékeré kan wà níbẹ̀ pé báńkì yọ owó káàdì àti owó àtẹ̀jíṣẹ́, nígbà tí a sì wo iye tó ṣẹ́kù ní ìparí ìlà náà, ó ti wọ abẹ́ iye tí òfin fẹ́. Ó ti fi owó sí i lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ti bọ́ nínú ọjọ́ 28. Ó fi ìka sórí ìlà yẹn, kò sì gbé e kúrò títí mo fi pa ìwé náà dé.

Nítorí náà, fi owó lé e dáadáa. Bí ó bá jẹ́ náírà ló wà nínú àkáǹtì rẹ, iye tí OANDA, ojúewé íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ṣe pàṣípààrọ̀ owó, bá kọ lọ́jọ́ tí o sanwó físà ni wọn yóò fi ṣírò rẹ̀ sí pọ́n-ùn, ìwọ náà sì mọ bí náírà ṣe ń ṣe. Owó tó tó ní ọjọ́ kìn-ín-ní lè máà tó mọ́ lọ́jọ́ tí o bá sanwó físà, bí o kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Má ṣe so káàdì mọ́ àkáǹtì náà, má sì fi ra káàdì ìpè.

Àwọn owó mìíràn wà lọ́tọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n gbé owó físà láti 490 pọ́n-ùn lọ sí 524. Ìjọba wọn a máa yí i padà, nítorí náà wo gov.uk lọ́jọ́ tí o fẹ́ san án. Owó ìtọ́jú ìlera jẹ́ 776 pọ́n-ùn lọ́dún, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n máa ń fi oṣù díẹ̀ kún físà másítà ọlọ́dún kan níwájú àti lẹ́yìn, 1,164 ni ọ̀pọ̀ ń san. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ pọn dandan fún wa, oṣù 6 ni ìwé rẹ̀ sì fi ń ṣiṣẹ́. Ṣàkíyèsí pé àyẹ̀wò yìí ni yóò ṣáájú, lẹ́yìn tí o bá sanwó físà tán ni wọn yóò tó pè ọ́ wá tẹ ìka. Ẹni tó bá ń gbé ní Òmù-Àrán tí kò bá tò ó dáadáa, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò wọ mọ́tò lọ sí Àbújá tàbí Èkó.

Wọ́n tún lè pè ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí fídíò. Wọn yóò béèrè ìdí tí o fi yan ẹ̀kọ́ náà àti ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọn yóò sì béèrè ẹni tó ń gbé ìnáwó. Kíyè sí ẹnu rẹ níbẹ̀ yẹn, ọmọ mi. Gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ́ ọ lára láti kékeré, ó lè yọ lẹ́nu rẹ pé dádì rẹ ni, lẹ́tà ẹ̀bùn yóò sì wà níwájú ẹni tó ń bi ọ́ pé ẹ̀gbọ́n bàbá ni. Òótọ́ ni ìwọ ń sọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìgbómìnà, irọ́ ni yóò jẹ́ létí ẹni yẹn. Bí o bá ń ka ìdáhùn rẹ nílé, lọ ka á níwájú Bàbá Ìlọrin fúnra rẹ̀, kí o pè é ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi lójú rẹ̀, kí ó sì yé e pé ìwé ló béèrè bẹ́ẹ̀. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì dárí jì ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékúmù. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní òkè òkun. Abdulraheem ló wà lórí ìwé WAEC rẹ̀, AbdulRahim ló wà lórí páásípọ́ọ̀tù, ìwé ẹ̀rí yunifásítì sì tún kọ Abdur-Raheem. Ṣé ó lè dí i lọ́wọ́? — Alhaji, Pàkátà, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Wàálékúmù sàlámù, Alhaji. Ó lè dí i lọ́wọ́ lóòótọ́, ẹ̀yin nìkan kọ́ ló sì ń ṣẹlẹ̀ sí ní Ìlọrin, níbi tí tíṣà kọ̀ọ̀kan ti ń kọ orúkọ Lárúbáwá bí etí rẹ̀ bá ṣe gbọ́ ọ. Orúkọ tó wà lórí páásípọ́ọ̀tù ni CAS gbọ́dọ̀ bá mu. Bí páásípọ́ọ̀tù náà bá jẹ́ bí ẹ ṣe fẹ́ kí orúkọ náà máa jẹ́ lọ, ẹ kọ̀wé sí yunifásítì tó gbà á wọlé kí wọ́n lo bí ó ṣe wà níbẹ̀, kí ẹ sì búra ní kóòtù pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn. Bí páásípọ́ọ̀tù ló bá ṣì í kọ, ọ̀dọ̀ NIMC ni kí ẹ ti kọ́kọ́ tún orúkọ inú NIN rẹ̀ ṣe, nítorí pé láti inú NIN ni páásípọ́ọ̀tù ti ń mú orúkọ. Ẹ jẹ́ kí èyí parí kí ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ CAS.

ÌBÉÈRÈ: Tíṣà ni mí, abiyamọ sì ni mí. Ṣé mo lè mú ọkọ mi àti ọmọ wa méjèèjì dání bí mo bá ń lọ kà fún oyè másítà? — Màmá Ìbejì, Àjàṣẹ́-Ìpo.

ÌDÁHÙN: Màmá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú o. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé, tàbí oyè másítà tó jẹ́ ti ìwádìí, àti ẹni tí ìjọba fún ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́, nìkan ni Ìlú Ọba ń gbà láyè láti mú ọkọ tàbí ọmọ wá. Másítà tí wọ́n ti ń jókòó gba ẹ̀kọ́ ní kíláàsì kò sí níbẹ̀ mọ́, bí ẹ bá sì ti débẹ̀ tán, wọn kò lè tẹ̀ lé yín wá lábẹ́ físà yín. Físà àbẹ̀wò tí kì í sábà ju oṣù 6 lọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n lè tọrọ, ìwé rẹ̀ sì dá dúró gedegbe. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin àti ọkọ yín jọ sọ ọ̀rọ̀ ẹni tí àwọn ìbejì yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan fún ilé-ẹ̀kọ́.