Ẹ̀YIN LẸ BI WÁ: Éékà kan, ọmọ mẹ́rin, ojú ọ̀nà ńkọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa fi ilẹ̀ éékà kan sílẹ̀ ní ọ̀nà Ọba-Ilé, l'Ákùúrẹ́, kò sì kọ ìwé ìhágún. Ọmọ mẹ́rin la jẹ́, ìyàwó méjì ló bí wa. Èmi nìkan ni ìyáálé bí. A fẹ́ pe awọnlẹ̀ kó gé e sí mẹ́rin. Kí ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì pe awọnlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jókòó sọ ọ́: ṣé ìdí igi (ìpín kan fún àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan) ni àbí orí-ò-jorí (ìpín kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan)? Bí ẹ bá fi ìdí igi pín in, ìdajì ni tiyín, àwọn mẹ́ta yòókù á pín ìdajì tó kù. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ọgbọọgba ni. Ìdí igi ni ilé ẹjọ́ gbà pé ó jẹ́ àṣà Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí kí ìjà má baà dé. Ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwé pínpín ilẹ̀ lọ́dọ̀ lọ́yà, kí olórí ẹbí àti gbogbo yín tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí kò bá sí ìwé yẹn, ó lè nira láti fi hàn pé kì í ṣe ilẹ̀ ẹbí mọ́. Bó bá sì jẹ́ ilẹ̀ ẹbí síbẹ̀, ìpín tí ọmọ kan bá tà láìsí ọwọ́ olórí ẹbí nínú rẹ̀, òfo ni lójú òfin.

Lẹ́yìn ìyẹn ni awọnlẹ̀ tó ní èdìdì. Kó tó ri òkúta ààlà kankan mọ́lẹ̀, kó wọn ilẹ̀ náà, kó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General (olórí àwọn awọnlẹ̀ ìjọba) láti fi wé máàpù àwọn ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Bí ẹ kò bá kọ́kọ́ wò ó, tó sì bọ́ sínú rẹ̀, owó ìwọnlẹ̀ mẹ́rin ti ṣòfò nìyẹn.

Ojú ọ̀nà gan-an ni ibi tí wàhálà wà. Éékà kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 43,560 níbùú lóròó. Ẹ jẹ́ ká ní tiyín jẹ́ 132 níbùú, 330 ní gígùn, tí ibi ìbú nìkan sì kọjú sí títì. Bí ẹ bá gé e dábùú sí mẹ́rin, 132 sí 82.5 ni ìpín kọ̀ọ̀kan. Ó dára lójú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹni iwájú nìkan ló ń rí títì. Inú àgbàlá rẹ̀ ni àwọn mẹ́ta tó kù á máa gbà kọjá, títí di ọjọ́ tó bá mọ fẹ́ǹsì. Iléeṣẹ́ ètò ìlú kì í fọwọ́ sí irú èyí, pípín tí wọn ò bá sì fọwọ́ sí kò ní jẹ́ kí ẹni ẹ̀yìn rí àṣẹ ìkọ́lé.

Ẹ yọ ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà 30 ní ẹ̀gbẹ́ kan láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó jẹ 9,900, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdámẹ́rin ilẹ̀ yín. Ó ń dunni, a mọ̀. Síbẹ̀, 102 sí 82.5 ló kù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 8,415, ó sì ju púlọ́ọ̀tì 60 sí 120 lọ. Àpẹẹrẹ ni 30 tí a lò o. Ẹ béèrè ìwọ̀n tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ kí awọnlẹ̀ tó yàwòrán. Bí bàbá yín bá ti gba C of O (ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ láti ọwọ́ gómìnà), Òfin Ìlò Ilẹ̀ ọdún 1978 ní ẹ gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda gómìnà kí ẹ tó ta apá kan rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ sọ ilé mi ní Òkè-Ìjẹ̀bú di gbọ̀ngàn àríyá. Ilé tèmi ni. Ta ni mo fẹ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣí C of O yín, ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fún yín nílẹ̀ náà fún. Bó bá jẹ́ ibùgbé, ẹ ti ṣèlérí nìyẹn, gómìnà sì lè gba ilẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹni tó bá tàpá sí i. Ìwé ìyípadà ìlò lẹ máa kọ sí iléeṣẹ́ ètò ìlú, pẹ̀lú àwòrán ilé ti tẹ́lẹ̀ àti tuntun, kí wọ́n tó wá wo ojú ilẹ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Àlejò 200 kò ní fẹsẹ̀ rìn wá. Bí ọkọ̀ wọn bá dí géètì aládùúgbò, lẹ́tà ẹ̀hónú rẹ̀ ló máa dé ọ́fíìsì ṣáájú tiyín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ibi tí jẹnẹrétọ̀ máa wà hàn wọ́n, àti bí sọ́kàwéè ṣe máa gba ẹ̀gbin gbogbo èrò yẹn.

Ìbéèrè: Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ ilé mi àti ààlà kò pé. Ṣé iléeṣẹ́ ètò ìlú lè dín ìwọ̀n tí wọ́n ń béèrè kù fún mi?

Ìdáhùn: Wọ́n lè ṣe é, bó bá jẹ́ pé ilẹ̀ ló fà á: àpáta tó jókòó sáàárín rẹ̀ (àwa tá a sún mọ́ Ìdànrè mọ àpáta), etí odò, tàbí ilẹ̀ tó ṣẹ́ bí ẹnu àáké. Kí awọnlẹ̀ fa àpáta náà sórí pláànù pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ sì béèrè kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ilé ti dé òrùlé, tí ìdí kan ṣoṣo sì jẹ́ pé bíríkìlà ti mọ ọ́n bẹ́ẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ìdí.