Eré ogun tí kò tíì jáde: kí ni ká yẹ̀ wò ká tó sanwó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Eré ogun kan ń bọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, irú èyí tí èèyàn ń kọ́lé, tó ń rán òṣìṣẹ́ lọ gé igi, tó sì ń kó ọmọ ogun jọ, tí ọ̀tá náà ń ṣe tirẹ̀ lọ́wọ́ kan náà. Wọ́n máa ṣí i fún ìdánwò ọjọ́ mẹ́rin, oṣù tó ń bọ̀ ló máa jáde. Fídíò rẹ̀ wù mí gan-an. Láàpútọ́ọ̀pù mi ní RAM 8 GB, kò ní káàdì graphics tirẹ̀. Ṣé kí n sanwó sílẹ̀ báyìí? Kí ni kí n fi ọjọ́ mẹ́rin náà yẹ̀ wò?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó. Ibi tó dára jù nínú eré ni wọ́n máa ń yàn sínú fídíò ìpolówó.

Ọ̀nà méjì ni kí ẹ pín ohun tí ẹ bá rí sí. Iye tí wọ́n ń ra ọmọ ogun, agbára ọfà, àsìkò tí ilé fi ń parí: nọ́ńbà lásán ni wọ́n. Àwọn tó ṣe eré lè yí wọn padà láàárín ọjọ́ kan, wọ́n á sì tún máa yí wọn lẹ́yìn tó bá jáde. Tí ẹlẹ́ṣin bá ń pa gbogbo ẹni tó bá pàdé, ẹ má tìtorí ẹ̀ kórìíra eré náà. Ṣùgbọ́n ìrìn ọmọ ogun, bí wọ́n ṣe ń gbọ́ àṣẹ, àti bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe nígbà tí ogun bá le, egungun eré nìyẹn. Nígbà tí Blizzard, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe eré kọ̀ǹpútà, gbé eré ogun wọn StarCraft wá sí ìpàtẹ eré E3 ní Los Angeles lọ́dún 1996, àwọn èèyàn ní Warcraft, eré Blizzard tó ti wà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n gbé lọ sójú òfurufú ni. Wọ́n padà lọ tún egungun rẹ̀ tò, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1998 ló tó jáde. Èyí tí ẹ̀yin ń retí, oṣù kan péré ló kù ún.

Ìrìn ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Ẹ kó nǹkan bí ogójì ọmọ ogun jọ, kí ẹ da ẹlẹ́sẹ̀ pọ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣin, kí ẹ rán wọn gba ojú afárá tóóró kan. Nínú eré tí wọn ò ṣe dáadáa, ẹni tó wà lẹ́yìn á ka ẹni tó wà níwájú sí ògiri. Á ní ọ̀nà ti dí, á yí ẹ̀yìn padà, á lọ gba ọ̀nà jíjìn yípo, á sì bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá ní òun nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pàṣẹ pé kí wọ́n sá padà láàárín ìjà. Tí wọ́n bá ń wọ́ra wọn bí ẹni pé wọn ò gbọ́, àìsàn tí patch (àtúnṣe tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí eré bá ti jáde) kì í tètè wò nìyẹn.

Ti láàpútọ́ọ̀pù yín ló gba àlàyé jù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á ṣeré ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á rí i pé ó ń lọ geere, á ní ẹ̀rọ òun gbé e. Nínú eré ogun Age of Empires IV, òṣìṣẹ́ mẹ́fà ni èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, àmọ́ 200 ni iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ní. Èèyàn mẹ́rin tí wọ́n bá ti kún, 800 nìyẹn, processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló sì ń ronú fún gbogbo wọn. Nítorí náà, ẹ bá kọ̀ǹpútà ṣeré, èèyàn mẹ́rin lórí máàpù tó tóbi jù, kí ẹ má sì parí rẹ̀ títí ẹgbẹ́ ogun gbogbo yín á fi kún. Ẹ ṣí òǹkà FPS (iye àwòrán tí ẹ̀rọ ń gbé jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan) tó wà nínú Steam, ìyẹn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ra eré. Tó bá já wá sísàlẹ̀ 30, ẹ pa òjìji inú eré, kí ẹ sì dín resolution (bí àwòrán ṣe mọ́ tó) kù. Tó bá gòkè, graphics ló ń wúwo, ẹ lè máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Tí kò bá yí padà rárá, processor ni, kò sí settings tó máa gbà yín.

Ẹ ki wáyà láàpútọ́ọ̀pù bọ iná kí ẹ tó dán an wò, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń rọra ṣiṣẹ́ tí wọ́n bá wà lórí bátìrì. Nígbà tí kò sí káàdì graphics, inú RAM 8 GB yẹn náà ni àwòrán ti ń bu tirẹ̀, ẹ pa browser. Ohun tó kéré jù tí Age of Empires IV béèrè nígbà tó jáde lọ́dún 2021 ni RAM 8 GB, Intel HD 520 (graphics inú processor, kì í ṣe káàdì) àti àyè 50 GB, nítorí náà ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ti àìnírètí.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, ìgbà tí ẹ bá ń wa eré náà wálẹ̀ ni dátà ń lọ jù. Ọ̀pọ̀ eré irú èyí kì í fi ibi tí ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan wà ránṣẹ́. Àṣẹ nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà kálukú á sì ṣe ìṣirò kan náà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ ẹnì kan tó ń wọ́ fi lè fa gbogbo yín sẹ́yìn. Tí àṣẹ bá ń pẹ́, ẹ bá kọ̀ǹpútà nìkan ṣeré: tó bá ṣì ń pẹ́ níbẹ̀, eré náà ló lọ́ra. Tó bá yára, jíjìnnà server, kọ̀ǹpútà tí eré orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá, ló fà á. Lásìkò ìdánwò, agbègbè díẹ̀ ni wọ́n sì lè ṣí server sí.

Ẹ tún wò ó bóyá Ctrl àti nọ́ńbà ń so ọmọ ogun pọ̀, bóyá ẹ lè yí bọ́tìnnì padà, àti bóyá ohun kan ń tọ́ka sí òṣìṣẹ́ tó jókòó láìṣiṣẹ́.

Ní ti owó, ohun tí wọ́n fi hàn lè dín kù kó tó dé. Warcraft III: Reforged, àtúnṣe eré àtijọ́ kan, tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2020 kò ní àwọn ohun kan tí wọ́n fi hàn lọ́dún 2018, Blizzard sì dá owó padà fún àwọn tó béèrè. Lórí Steam, ẹni tó sanwó sílẹ̀ lè gbà á padà kí eré tó jáde. Lẹ́yìn tó bá jáde, ó ní ọjọ́ 14, kò sì gbọ́dọ̀ tíì ṣeré tó wákàtí méjì. Àsìkò ìdánwò beta kò sí nínú kíkà yìí, àmọ́ tí wọ́n bá jẹ́ kí ẹni tó sanwó tètè wọlé ṣáájú ọjọ́ ìjáde, ìyẹn wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá wá rà á, ẹ má kọ́kọ́ wọ inú ìtàn rẹ̀. Máàpù ńlá, èèyàn mẹ́rin, ni kí ẹ fi wákàtí àkọ́kọ́ ṣe.