Ta ló máa san owó ọjọ́ ẹni tí ara rẹ̀ gbóná?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Fóómánù. Ìkòròdú ni mo ti ń bójú tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, Lọ́ńdọ̀nù ni ẹni tó ni ín wà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko la fi jókòó sílé nítorí àrùn kòrónà. Láti ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún, 2020 tí wọ́n ti dẹ kónílé-ó-gbélé fún wa l'Ékòó, alaalẹ́ ni onílé náà ń pè mí pé iṣẹ́ ń falẹ̀. Lébìrà mẹ́rìnlá ni mo ní, Sátidé la sì fẹ́ da dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré àjà òkè. Bí wọ́n bá takété síra, iṣẹ́ ò ní yá. Bí mo bá kó wọn pọ̀, àyà mi ń já. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o kú ìrọ́jú. Kọnkéré tí omi bá ti kàn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà má retí pé wàá sinmi láàárín. Ìlà tí wọ́n fi ń gba páànù kọnkéré lọ́wọ́ ara wọn ló burú: ojú kojú, èémí ko èémí, tàwọn ti ariwo. Gba mísà tó ń po kọnkéré àti ẹ̀rọ tó ń fà á gòkè. Bí owó ò bá tó, kí ẹni òkè má sọ̀kalẹ̀, kí ẹni ìsàlẹ̀ má gòkè, títí tí ẹ ó fi parí. Láwọn ọjọ́ yòókù, káfíńtà àti bíríkìlà ò gbọ́dọ̀ jọ wá bí kò bá pọn dandan.

Sanitáísà ò ràn ọwọ́ tí sìmẹ́ńtì ti gbẹ mọ́. Ọṣẹ àti omi ni, kì í ṣe omi dúrọ́ọ̀mù tí ẹ ń fọ ṣọ́bìrì o, ìyẹn máa ń jó àwọ̀. Kí kálukú mú ìbòmú méjì wá. Òógùn á ti rin ti àkọ́kọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù, o ò bi mí. Ní Agége lóṣù tó kọjá, lébìrà mi kan gbé parasitamọ́ọ̀lù mì, ó ń ru búlọ́ọ̀kù. Orí yanrìn ló ṣubú sí. Bóyá ibà lásán ni, bóyá kòrónà ni, ọjọ́ mẹ́rin la fi ti sáìtì pa. Ó ní bóun bá sọ, wọ́n á ní kóun máa lọ, kí làwọn ọmọ òun máa jẹ lálẹ́?

Ní báyìí, kí a tó bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀, mo máa ń sọ ọ́: ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, kó wí, kó gba ìdajì owó ọjọ́ rẹ̀, kó máa lọ sílé. Sọ fún ọ̀gá Lọ́ńdọ̀nù kó fi kún owó iṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èèyàn mẹ́ta nawọ́. Irọ́ ni ọ̀kan nínú wọn ń pa, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo san án fún òun náà.