Èsì: Ṣé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi lè gba lift òpó méjì?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ ri lift òpó méjì, ẹ̀rọ tó ń gbé ọkọ̀ sókè, sí ṣọ́ọ̀bù yín ní Ilé-Ifẹ̀, pé ṣé ilẹ̀ ibẹ̀ á gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa, sìmẹ́ǹtì fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi rẹ́ ilẹ̀; bóòtù tó ń de lift mọ́lẹ̀ ò ní rí nǹkan dì mú. Ẹ lu ihò kékeré kan, kẹ́ ẹ wọn bí kọnkéré náà ṣe nípọn tó. Ọ̀pọ̀ irú lift bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ínǹṣì 4 ó kéré tán, àwọn míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé tó bá a wá ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń tà á. Bí kò bá tó, ẹ fọ́ ọ, kí bíríkìlà da òmíràn tó ní irin nínú. Ẹ máa bomi rin ín lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó pé ọjọ́ 28 kẹ́ ẹ tó lu bóòtù sí i. Ẹ má lù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti sán.

Ti iná, ẹ bèèrè bóyá fésì (ìlà iná) kan ni mọ́tò iná tó wà lára lift náà ń lò tàbí mẹ́ta.

Kí ọmọ iṣẹ́ kankan tó wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí lift náà sọ̀ kalẹ̀ sórí lọ́ọ̀kì irin tó ń dì í mú ní òpó méjèèjì. Ẹ má fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún agbára ọ́ìlì tó ń tì í sókè nìkan.