Ìtọ́kasí méje lórí iṣẹ́ jẹjẹrẹ: ohun tí ojú tèmi ti rí

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní àpilẹ̀kọ yín lórí jẹjẹrẹ ọmú ti pé ọdún mẹ́rin tó ti jáde, pé ìtọ́kasí méje péré (ìgbà tí olùwádìí mìíràn dárúkọ iṣẹ́ yín nínú tirẹ̀) ni Google Scholar, ẹ̀rọ tí a fi ń wá iṣẹ́ ìwádìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kà fún un, àti pé ẹ ń rò ó bóyá kí ẹ fi iṣẹ́ ìwádìí sílẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì fi í sílẹ̀. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ ìtọ́kasí sì ti fi ojú mi rí màbo.

Orúkọ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Orúkọ bàbá mi ni mo fi tẹ iṣẹ́ àkọ́kọ́ jáde. Nígbà tí mo délé ọkọ, mo so orúkọ méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà ni jọ́nà kan, ìwé tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde, gé orúkọ àbísọ mi kù sí lẹ́tà kan ṣoṣo, tí òmíràn kò sì mọ ohun tí yóò fi àmì abẹ́ Ọ ṣe, tó fi àlàfo sí ipò rẹ̀. Bí mo ṣe di ènìyàn mẹ́rin nínú Scopus, àkójọ ńlá tó ń ka iṣẹ́ ìwádìí àti ìtọ́kasí wọn, nìyẹn. Lọ́dún tí mo béèrè fún ìgbéga, ìgbìmọ̀ ní 3 ni h-index mi. Òǹkà yìí, tí Jorge Hirsch gbé kalẹ̀ ní 2005, kò le: bí ẹ bá ní àpilẹ̀kọ 8 tí wọ́n ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ ó kéré tán, 8 ni tiyín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹnì kan tí a pín sí ọ̀nà mẹ́rin kò lè ga níbì kankan. Wọn kò gbé mi ga. Òru mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo gba nọ́ńbà ORCID, èyí tí a fi ń dá olùwádìí kọ̀ọ̀kan mọ̀, mo kó iṣẹ́ mi jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ̀wé sí Scopus pé èmi kan náà ni gbogbo wọn. 3 di 7, láìjẹ́ pé mo kọ ìlà kan kún un.

Níbi tí mo ti ń kó wọn jọ ni mo ti ṣe ohun tí n kò ṣe rí: mo ṣí àwọn tó tọ́ka sí mi, mo sì kà wọ́n. Àpilẹ̀kọ mi tí ìtọ́kasí rẹ̀ pọ̀ jù, tó lé ní ọgọ́rin, jẹ́ àkójọ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn tí mo kọ láàárín oṣù méjì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó tọ́ka sí i kàn fi orúkọ mi ti gbólóhùn àkọ́kọ́ wọn lẹ́yìn ni. Ẹnì kan tilẹ̀ fi mí ṣe ẹlẹ́rìí ohun tí mo kọ sílẹ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Àpilẹ̀kọ mi tó ní ìtọ́kasí márùn-ún péré ni ọkàn mi wà lára rẹ̀. Ó dá lórí ìrìn tí kókó tí a gé kúrò nínú ọmú ń rìn láti yàrá iṣẹ́ abẹ dé yàrá àyẹ̀wò. Ó yẹ kí ó wọ inú fọ́málínì, omi kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ẹran ara rà, láàárín wákàtí kan, kí fọ́málínì náà tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀, kí ó sì wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 6 sí 72. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí ni kókó tó tóbi bí ọsàn, tí wọ́n rọ́ sínú ike kékeré, tí fọ́málínì inú rẹ̀ kò ju ìbú ìka kan lọ, tó sì ti wà lórí tábìlì láti ọjọ́ Ẹtì di ọjọ́ Ajé. Nígbà tí a là á, àárín rẹ̀ ti rà. Irú èyí lè mú kí àyẹ̀wò sọ pé estrogen receptor, ohun tó ń gba họ́mónù estrogen lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, kò sí níbi tó wà, tí wọn kò fi ní fún obìnrin náà ní oògùn tamoxifen tí ìbá ràn án lọ́wọ́. Àtúpalẹ̀ ńlá kan tó jáde nínú PLoS Medicine ní 2014 fi hàn pé iye obìnrin Áfíríkà tí wọ́n bá receptor yìí lára jẹjẹrẹ wọn kéré nínú ìwádìí tó lo ẹran ara tó ti pẹ́ nípamọ́, ju èyí tó ṣètò gbígba tuntun lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi láti ilé ìwòsàn tí n kò dé rí: nọ́ọ̀sì kan ti tẹ àtẹ inú àpilẹ̀kọ yẹn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ẹ̀gì fọ́málínì, ó sì ń kọ aago sára ike kọ̀ọ̀kan. Google Scholar kò lè ka ògiri yẹn.

Ẹ rántí Denis Burkitt pẹ̀lú, oníṣẹ́ abẹ tó wà ní Kampala ní Uganda. Ní 1958 ló kọ̀wé nípa kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé nínú British Journal of Surgery, àwọn ènìyàn kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí i. Ọ̀rọ̀ tó lọ sọ ní London ní 1961 ni Anthony Epstein, olùwádìí fáírọ́ọ̀sì, gbọ́, tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹran ara kókó náà láti Uganda, tí òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Achong àti Barr, fi kéde ní 1964 pé àwọn rí fáírọ́ọ̀sì nínú rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ṣì ń ka nọ́ńbà, n kò ní tàn yín. Nígbà tí mo padà lọ, mo fi fọ́tò ògiri náà àti lẹ́tà ọ̀gá yàrá iṣẹ́ abẹ wọn kún fáìlì mi, wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè lé e lórí fún ìgbà pípẹ́ ju lórí ohunkóhun mìíràn lọ. Ẹ kó orúkọ yín jọ ná, kí ẹ ṣí àwọn méje náà, kí ẹ sì kọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi iṣẹ́ yín ṣe síbí, a ó jọ wò ó.