Ṣé ọ̀lẹ ni ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kì í lù ju 120 lọ?

Ìbéèrè: Mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n orí kẹ̀kẹ́ arọ. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 16, fara pa ní ọ̀pá ẹ̀yìn nítòsí ọrùn. Bó ti wù kó sáré tó, ọkàn rẹ̀ kì í lù ju 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan lórí aago ọwọ́, àwọn yòókù sì ń dé 185. Wọ́n ní kí n ra àgbo agbára fún un. Báwo ni mo ṣe máa wọn ìtẹ̀síwájú rẹ̀?

Ìdáhùn: Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má fún ọmọ ọlọ́mọ lágbo kankan. Àìsàn kọ́ ni ẹ rí yẹn, ọ̀lẹ kọ́ sì ni.

Ó sú mi láti máa gbọ́ pé láti mọ iye tí ọkàn lè lù dé ní ìṣẹ́jú kan, ẹ mú 220, ẹ yọ ọjọ́ orí kúrò níbẹ̀, ọmọ ọdún 16 gbọ́dọ̀ dé 204. Kódà lára ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, àfojúbù ni. Iṣan tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ pé kí ọkàn sáré, inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń gbà sọ̀ kalẹ̀ kó tó yà sọ́dọ̀ ọkàn ní òkè àyà. Bí ìpalára bá gé ọ̀nà yẹn lọ́rùn, àṣẹ ò ní dé. Ọ̀pọ̀ irú wọn kì í kọjá nǹkan bí 110 sí 130, bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣe é tagbáratagbára. Ọ̀nà yìí ò dí fún ẹni tí rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú tàbí tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Kí ló wá dé tí ẹ fi ń fi wọ́n wéra? Àjọ IWBF, tó ń darí bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n orí kẹ̀kẹ́ arọ lágbàáyé, pàápàá ń fún eléré kọ̀ọ̀kan ní pọ́ìntì, láti 1.0 dé 4.5, gẹ́gẹ́ bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ sí. Àwọn márùn-ún tó wà lórí pápá ò gbọdọ̀ kọjá 14 lápapọ̀.

Ẹ wọn eré mítà 20 láti ìdúró, àti bí ó ṣe lè ju bọ́ọ̀lù jìnnà tó láti àyà. Ẹ bi í pé láti 0 dé 10, báwo ni eré náà ṣe le tó fún un. Kẹ̀kẹ́ kan náà, ilẹ̀ kan náà, ẹ sì wo afẹ́fẹ́ táyà. Táyà tó rọ̀ ti ba orúkọ ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́. Iye tirẹ̀ tàná ni kí ẹ fi wé tòní. Ó ṣì ń dàgbà o, apá rẹ̀ lè le sí i láìjẹ́ pé ẹ kọ́ ọ ní nǹkan kan.

N kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà kí dókítà rẹ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Bí orí bá ṣàdédé ń fọ́ ọ gidigidi, tí ojú pọ́n, tí ó ń làágùn lórí àti ọrùn, ẹ dá eré dúró. Ẹ jẹ́ kó jókòó ṣánṣán, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ wò ó bóyá ìtọ̀ ló há, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.